Bí àwọn ọ̀dọ́langba ṣe lè sọ yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ di tiwọn

Bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé tí kò wọlé, ẹ má tíì sọ pé kò fẹ́ràn ìwé. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń wò. Ó lè jẹ́ àkọlé gàdàgbà tó ní "Ẹ dákẹ́!", ó lè jẹ́ àpótí ìwé tí wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀, ó sì lè jẹ́ ojú ẹni tó jókòó sídìí tábìlì. Àwọn nǹkan tó dí ọ̀nà láàárín ọmọ yẹn àti ìwé la fẹ́ máa kó kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ranganathan, ọmọ Íńdíà tó jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ìkàwé, gbé òfin márùn-ún jáde fún àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ní 1931. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé ìwé wà fún lílò. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n tò bí ẹni pé ìwé wà fún ṣíṣọ́.

Ẹ fi sáà ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò gba owó. Ohun tó gbà ni ojú tó ń ríran àti ọwọ́ tó ṣe tán láti yí nǹkan padà.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: ẹ wò, ẹ kà, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan

Ẹ fa ìlà sí ìwé kan ní òpó márùn-ún: àkókò, iye ẹni tó wọlé, iye ẹni tó yá ìwé, ohun tí àwọn yòókù wá ṣe, àti iye ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà tó padà. Ẹ máa kọ ọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òpó karùn-ún yẹn làwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì ń sọ òótọ́.

Bí ọmọ bá ń wọlé tí wọn kì í yá ìwé, inú ìwé tó wà lórí pẹpẹ ni wàhálà wà. Bí wọ́n bá ń dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń padà, ẹ wo òfin yín àti ìṣesí ẹni tó ń gbà wọ́n lálejò. Bí wọn kì í bá tiẹ̀ gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àkókò tí ilẹ̀kùn ń ṣí kò bá tiwọn mu. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí, oògùn ọ̀kan kò sì lè wo èkejì sàn. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá lọ ra ọgọ́rùn-ún ìwé tuntun nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn títì ni ìṣòro rẹ̀, àfi kó máa gbọn eruku ara ìwé tuntun.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín ìwé pélébé fún odindi kíláàsì mélòó kan, kí wọ́n dáhùn láìkọ orúkọ. Ìbéèrè mẹ́rin tó: Nígbà wo lo wọ yàrá ìkàwé gbẹ̀yìn, kí ló sì gbé ọ lọ? Kí ni kì í jẹ́ kó o wá? Kí lo máa ń kà, tó o máa ń wò tàbí tó o máa ń gbọ́ fúnra rẹ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rán ọ? Kí lo fẹ́ bá níbẹ̀? Inú kíláàsì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, kì í ṣe nínú yàrá ìkàwé. Bó bá jẹ́ àwọn tó ń wá nìkan lẹ bi, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an kò ní dá sí i.

Ẹ ṣílẹ̀kùn nígbà tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀

Àkókò mẹ́ta ló ṣe pàtàkì: ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ìpéjọ òwúrọ̀, àkókò ìsinmi gígùn, àti nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ lè ṣe, ẹ mú àkókò ìsinmi gígùn, kí olùtọ́jú yàrá ìkàwé jẹun tirẹ̀ ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Ẹ kọ àkókò náà sára ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì tó bá ilẹ̀kùn ní títì, agbára káká ni kó tún wá lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ tún wo bí ìwé yíyá ṣe ń pẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan yá ìwé, kẹ́ ẹ máa wo aago. Bó bá ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìlà á gùn lákòókò ìsinmi, wọ́n á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Níbi tí kò bá sí kọ̀ǹpútà, ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ti kọ orúkọ gbogbo wọn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà ìwé àti ọjọ́ ìdápadà nìkan ló máa kù láti kọ.

Ẹ ro oko ìwé yín

Yíyọ ìwé tó ti gbó kúrò lórí pẹpẹ lẹ̀rù rẹ̀ máa ń bani jù, òun ló sì ń yára yí ojú yàrá ìkàwé padà jù lọ. Bí ìwé rere ogún bá wà láàárín ọgọ́jọ tó ti gbó, ojú ọ̀dọ́langba kò ní rí ogún yẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ ló máa rí, á sì gbà pé ìwé àtijọ́ lásán ló wà níbẹ̀. Bí èpò ṣe ń bo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Pẹpẹ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé páálí mẹ́ta kalẹ̀: èyí tó máa dúró, èyí tó máa lọ, àti èyí tẹ́ ẹ máa bi olùkọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ mú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ṣé ojú ewé rẹ̀ ṣì pé? Ṣé ohun tó sọ ṣì jẹ́ òótọ́? Ṣé ẹnì kankan ti yá a láàárín ọdún márùn-ún? Ṣé ẹ ní ẹ̀dà mẹ́fà rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé méjì tó? Ìwé kọ̀ǹpútà tó bá ti lé lọ́dún márùn-ún àti ìwé ìlera tàbí sáyẹ́ǹsì tó bá ti lé ní mẹ́wàá, ẹ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa kẹ́ ẹ tó dá wọn padà sórí pẹpẹ.

Ọ̀nà kíákíá wà láti mọ ìwé tó ti gbó. Ẹ ṣí ìwé sáyẹ́ǹsì síbi tó ti ń ka àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí oòrùn ká. Bó bá ka mẹ́sàn-án, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ṣáájú 2006, ọdún tí àwọn onímọ̀ ojú sánmà yọ Pluto kúrò lára wọn. Ẹ ṣí ìwé máàpù sí ilẹ̀ Áfíríkà. Bí Gúúsù Sudan kò bá dá dúró níbẹ̀, máàpù náà ti wà ṣáájú 2011. Ìwé tó ti bu, tó ń rùn, ẹ má jẹ́ kó padà sáàárín àwọn yòókù rárá, torí ó máa ń ràn. Ẹ fi nǹkan bo imú kẹ́ ẹ tó gbé e, kẹ́ ẹ sì dì í sínú ọ̀rá.

Ohun tó máa ń da iṣẹ́ yìí rú ni kéèyàn kó ìwé dà síbi tí gbogbo ayé ti máa rí i láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Ariwo á sọ, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà. Torí náà, ẹ kọ orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan tó ń lọ, ọjọ́ àti ìdí rẹ̀, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i kí ó tó kúrò nínú yàrá. Ìwé ìtàn ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ àti ìwé tí wọ́n kọ ní èdè abínibí tí kò sí lórí àtẹ mọ́, ẹ tọ́jú wọn síbi ọ̀tọ̀ bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ yá wọn.

Bẹ́ ẹ bá parí, pẹpẹ á dà bíi pé ó ṣófo. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Pẹpẹ tí ìdámẹ́ta rẹ̀ ṣófo ló ń fún ìwé láyè láti kọjú síta.

Ìwé tí wọ́n máa fẹ́ mú

Ẹ padà sí ìdáhùn ìbéèrè kẹta tẹ́ ẹ bi wọ́n. Ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń gbọ́ ìtàn ẹlẹ́rù jẹ̀jẹ̀, ẹni tó ń wo bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ tó ń yí padà tí kò lè bi ẹnikẹ́ni léèrè: gbogbo wọn ló ní ìwé tiwọn. Ìwé aláwòrán tó ń sọ ìtàn náà, ìwé ni. Ọmọ tó ń ka irú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìtàn, ó ń ka ọ̀rọ̀, ó sì ń ka ojú àwọn tó wà nínú àwòrán pọ̀ mọ́ ọn. Kò sídìí fún àgbàlagbà láti bojú jẹ́.

Bí owó bá tó ogójì ìwé, ẹ̀yin ẹ gbìyànjú ìpín yìí: mẹ́rìndínlógún ìtàn àròsọ tí kò nípọn, mẹ́wàá ìwé aláwòrán, mẹ́wàá nípa ohun gidi (eré ìdárayá, ìgbésí ayé èèyàn, sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọwọ́, owó), méjì ewì, méjì ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Bí ìtàn kan bá ní apá púpọ̀, ẹ ra ẹ̀dà méjì apá kìíní kẹ́ ẹ tó ra apá kẹrin. Kò sí ohun tó ń paná ìfẹ́ ìwé bíi kí apá kejì àti ìkẹta wà lórí pẹpẹ kí apá kìíní ti sọnù.

Fún àwọn tí ìwé kíkà ṣì nira fún, ẹ wá ìwé tí orí rẹ̀ kúkúrú, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi díẹ̀, tí kò ju ọgọ́rùn-ún ojú ewé. Ṣùgbọ́n ẹ wo èèpo rẹ̀ dáadáa. Bó bá ní àwòrán ọmọ kékeré, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní fọwọ́ kàn án níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bó ti wù kí ìtàn inú rẹ̀ dùn tó. Àti pé kí àgbàlagbà kan ka ìwé kẹ́ ẹ tó tò ó sórí pẹpẹ, kẹ́ ẹ sì kọ ìlànà bẹ́ ẹ ṣe ń yan ìwé sílẹ̀ lójú ewé kan. Lọ́jọ́ tí òbí bá wá bèèrè ìdí tí ìwé kan fi wà níbẹ̀, ìlànà yẹn lẹ máa gbé síwájú rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

Ètò nọ́ńbà tí Melvil Dewey, olùtọ́jú ilé ìkàwé ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1876 láti fi pín ìwé sí ìsọ̀rí ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má tú u ká. Kìkì pé nọ́ńbà kì í bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ gadagba sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi àwòrán kún un: 796 ni eré ìdárayá, 741.5 ni ìtàn aláwòrán, láti 500 lọ ni sáyẹ́ǹsì, láti 900 lọ ni ìtàn àti ilẹ̀ ayé. Ìtàn àròsọ ní tiẹ̀, ẹ fi bébà aláwọ̀ sára ẹ̀gbẹ́ wọn: àwọ̀ kan fún ìfẹ́, òmíràn fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, òmíràn fún ẹ̀rù, òmíràn fún ìtàn ayé ọjọ́ iwájú. Àwọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó. Bó bá ti di méjìlá, ẹ̀yin fúnra yín ò ní rántí èyí tó jẹ́ kí ni.

Gbé tábìlì kan sẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ to ìwé mẹ́jọ sí mẹ́wàá lé e, kí èèpo wọn kọjú sí ẹni tó ń wọlé. Ẹ pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ìkọ̀ọ̀kan ni kó ní bébà kékeré tó yọ orí jáde, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: "Mo kà á tán lóru kan," tàbí "Bí o bá lẹ́gbọ̀n tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, mú èyí." Ẹ kọ "Mú un lọ" sójú tábìlì náà kedere, torí ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé ohun tí wọ́n tò dáadáa, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá mú ìwé kan, ẹ fi òmíràn dí àyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wá ibi méjì fún ìjókòó bí àyè bá wà: ọ̀kan tí wọ́n ti lè sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọ̀kan tó dákẹ́ rọ́rọ́. Kí ibi ìsọ̀rọ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn, kí ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà ní kọ̀rọ̀. Ẹ tún fi ìjókòó ẹlẹ́nì kan sílẹ̀ fún ọmọ tí kò ní ẹni tó máa bá jókòó. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, yàrá ìkàwé nìkan ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti lè simi lákòókò ìsinmi láìsí ẹni tó ń wò ó.

Òfin tó ń lé wọn

Ẹ dúró láàárín yàrá, kẹ́ ẹ ka gbogbo "má ṣe" tó wà lára ògiri. Ẹ já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi mẹ́ta péré rọ́pò wọn, tí wọ́n á sọ ohun tí ọmọ lè ṣe: mú ìwé mẹ́ta, dá wọn padà lọ́sẹ̀ méjì, béèrè bí o bá fẹ́ sí i.

Ẹ má fi yàrá ìkàwé jẹ ọmọ níyà láé. Kí wọ́n má ṣe rán ẹni tó pariwo ní kíláàsì wá síbẹ̀ láti wá dá kọ ọ̀rọ̀ kan nígbà ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n má sì ní kí ẹni tó pẹ́ wá síbẹ̀ wá gbálẹ̀. Ọmọ tó kọ́kọ́ mọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìyà, ẹ ó ṣiṣẹ́ kára kó tó tún mọ̀ ọ́n ní ibi ìgbádùn. Ẹ bá àwọn olùkọ́ sọ ọ́ ní ìpàdé, kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi ọwọ́ sí i.

Lórí owó ìtanràn fún ìwé tó pẹ́: ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọmọ tí kò ní owó náà kì í dá ìwé padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti kúrò níbẹ̀ títí tó fi máa jáde ilé ẹ̀kọ́. Ẹ ti pàdánù ìwé, ẹ tún ti pàdánù òǹkàwé. Ní 2019, ilé ìkàwé gbogboogbò ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà fagi lé owó ìtanràn, ìwé tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ẹ lè fi nǹkan mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Àkọ́kọ́, ìránnilétí ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìdápadà. Ìkejì, àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà tí ọmọ lè ju ìwé sí láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìkẹta, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ní sáà tí ẹnikẹ́ni lè dá ìwé padà láìsí ìbéèrè. Bí ìwé bá sọnù pátápátá, ẹ jẹ́ kí ọmọ mú òmíràn tó dára wá dípò rẹ̀, tàbí kó fi iṣẹ́ díẹ̀ ran yàrá ìkàwé lọ́wọ́, kó jẹ́ iṣẹ́ tó lọ́lá bíi fífi ọ̀rá bo ìwé tuntun.

Ẹ tún pa àṣírí wọn mọ́. Ẹ má ka orúkọ ìwé tí ọmọ kan yá sókè ní kíláàsì. Ọmọ tó yá ìwé nípa ìbànújẹ́ ọkàn tàbí nípa òbí tó ń kọ ara wọn sílẹ̀ kò ní yá òmíràn mọ́ bí gbogbo kíláàsì bá gbọ́. Ìwé ìránnilétí, kẹ́ ẹ ká a, orúkọ ọmọ nìkan lẹ kọ síta.

Bí ẹ ṣe máa polówó ìwé ní ìṣẹ́jú kan

Ẹ lọ bá wọn ní kíláàsì pẹ̀lú ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e sókè, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ dákẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Báyìí:

"Ọmọbìnrin kan rí fóònù kan he lórí ìjókòó ọkọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Àwòrán àkọ́kọ́ tó bá níbẹ̀, ilé tiwọn ni. Èkejì, yàrá tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń sùn."

Kẹ́ ẹ gbé ìwé yẹn kalẹ̀, kẹ́ ẹ mú òmíràn. Ẹ má sọ pé "ó kún fún ẹ̀kọ́." Gbólóhùn yẹn nìkan tó láti pa á. Ẹ má sọ bó ṣe parí, ẹ má sì polówó ìwé tẹ́ ẹ ò tíì kà, torí ìbéèrè kan péré ni wọ́n máa bi yín tí àṣírí á fi tú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn ru ìfẹ́ wọn sókè lórí ìwé tí ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ọmọ mẹ́sàn-án á nawọ́, mẹ́jọ á padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ gbé ìwé ìtòsílẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kẹ́ ẹ sì ní ìwé méjì míì tó jọ ọ́ nínú àpò fún àwọn tó ń dúró. Orí ẹni kọ̀ọ̀kan ni ìwé náà ó kàn, ẹ má gbàgbé ẹni tó wà lópin ìlà.

Ọmọ tó ní òun kò fẹ́ràn ìwé

"Mi ò fẹ́ràn ìwé, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí lo wò gbẹ̀yìn tó ò fẹ́ kó tán?"

"Fíìmù kan ni. Wọ́n ń wá ẹni tó jí ọmọ gbé."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń wá a ló dùn mọ́ ọ, àbí ẹ̀rù tó ń bani nínú rẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe ń wá a, mà. Mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó mú un."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lẹ ń wá. Kì í ṣe ẹ̀rù ló ń wá, àdììtú ló fẹ́ tú. Ẹ mú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mẹ́ta wá, ọ̀kan tín-ín-rín, ọ̀kan aláwòrán, ọ̀kan tó gùn díẹ̀. Ẹ tò wọ́n síwájú rẹ̀, ẹ sọ gbólóhùn kan nípa ìkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dúró tì í, á mú èyí tó rò pé ẹ̀yin fẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ sọ fún un pé bó bá ka ogún ojú ewé tí kò bá dùn, kó dá a padà kó gba òmíràn. Nígbà tó bá padà dé, ẹ má bi í ní ìbéèrè ìdánwò. "Ibo lo bá a dé?" tó. Bó bá ní kò dára, ẹ bi í níbi tó ti sú u. Ọmọ tó lè sọ ibi tí ìwé ti sú u ti ń di òǹkàwé, ohun tó bá sì sọ ló máa tọ́ yín sọ́nà sí ìwé tó kàn.

Àkókò kíkà tí kò ní ìdánwò nínú

Ẹ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́, kí gbogbo kíláàsì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí oníkálukú á ka ìwé tó yàn fúnra rẹ̀. Nǹkan méjì ló máa ń bà á jẹ́. Ọ̀kan ni olùkọ́ tó ń máàkì ìwé lákòókò náà. Àwọn ọmọ á rí i pé àgbàlagbà ò kà á sí nǹkan gidi. Kí olùkọ́ mú ìwé tirẹ̀, kó jókòó, kó kà. Èkejì ni kí wọ́n ní kí ọmọ kọ àkópọ̀ ohun tó kà. Ìgbà tí ìyẹn bá ti wọ̀ ọ́, iṣẹ́ àmúrelé ló dà. Fún ẹni tí kò mú ìwé wá, ẹ gbé páálí kan tó ní ìwé méjìlá sí ẹ̀yìn kíláàsì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá yín ṣe é

Ẹ kó ọmọ mẹ́jọ sí mẹ́wàá jọ, láti oríṣiríṣi kíláàsì. Kí ó má jẹ́ àwọn tó ń gba ipò kìíní nìkan. Ẹ rí i pé méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ẹni tí kì í wọ yàrá ìkàwé tẹ́lẹ̀, kí ọ̀kan sì jẹ́ ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè: ẹ̀yin lẹ ní kọ́kọ́rọ́ àti owó, àwọn ló mọ ohun tí ẹgbẹ́ wọn ń sọ lẹ́yìn yín.

Ẹ fún wọn ní agbára gidi. Nínú owó ìwé, ẹ yọ iye tó máa ra mẹ́wàá sọ́tọ̀, kí wọ́n yàn án fúnra wọn lábẹ́ ìlànà tẹ́ ẹ ti kọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣètò tábìlì ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n kọ bébà tó ń polówó ìwé, kí wọ́n máa jókòó sídìí ìwé yíyá lákòókò ìsinmi. Bó bá jẹ́ ìgbálẹ̀ àti ìtòpẹpẹ nìkan lẹ gbé lé wọn lọ́wọ́, láàárín oṣù kan wọ́n á ti túká.

Olùkọ́ àti iṣẹ́ àmúrelé

Kí olùkọ́ tó bá fẹ́ fún wọn ní iṣẹ́ tó gba ìwádìí sọ fún yàrá ìkàwé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ lè kó ohun tó bá a mu sójú kan. Bí ọgbọ̀n ọmọ bá ń wá ìwé kan ṣoṣo, ẹni tó dé kẹ́yìn á gbà pé yàrá ìkàwé kò wúlò. Ìbéèrè náà sì yẹ kó jẹ́ irú èyí tí wọn ò lè dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì: kí wọ́n fi ohun tí ìwé méjì sọ wéra, kí wọ́n sì sọ ibi tí wọn ò ti fi ohùn ṣọ̀kan.

Kíka èrè iṣẹ́ yín

Ní òpin sáà, ẹ má wo àpapọ̀ ìwé tí wọ́n yá nìkan. Nínú ilé ẹ̀kọ́ tó ní 400 ọmọ, 1,200 ìwé yíyá dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọmọ 60 péré ló yá gbogbo rẹ̀, ogún ogún ni wọ́n kà, 340 ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Iye ọmọ tó yá ó kéré tán ìwé kan ni kẹ́ ẹ máa tọpa rẹ̀, kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Kíláàsì tí iye rẹ̀ kéré jù, ẹ má dúró dè é. Ẹ kó ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sínú páálí, ẹ gbé e lọ bá wọn, kí wọ́n yá a níbẹ̀.

Lásìkò ìdánwò, iye náà á wálẹ̀, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ palẹ̀ ìtàn àròsọ mọ́ kí ìwé ìdánwò lè rí àyè. Ẹ má gbà. Ọmọ tí ìdánwò ti gbó lórí nílò ìtàn kékeré kan tó máa kà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ dín tábìlì ẹnu ọ̀nà kù sí ìwé márùn-ún tín-ín-rín, kó sì dúró síbẹ̀.

Ẹ sì gbé àpótí ìbéèrè kan kalẹ̀ fún ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ ò ní. Ẹ máa ṣí i ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Èyí tẹ́ ẹ ò bá lè rà, ẹ sọ fún ọmọ náà, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Èyí tó bá dé, kẹ́ ẹ tó fún un ní nọ́ńbà, kẹ́ ẹ tó tò ó sórí pẹpẹ, ẹ lọ bá ẹni tó béèrè rẹ̀ ní kíláàsì, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ìwé rẹ̀ ti dé.